Ìlà Pèrègún Ẹ̀yìnkùlé Mi ní Bẹyẹrúnkà

Èmi, Àlùhájì Gàníyù Àlàó Ọláwúwo, ọmọ bíbí agboolé Ọláwúwo ní Bẹyẹrúnkà, ìlú Ìbàdàn, ẹni tí Ọjà'ba títí dé Mápó mọ̀ sí Àlùhájì Onípáànù, ni mo kọ ìwé yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. Orí mi pé. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, kò sì sí ẹni tó fún mi ní nǹkan mu kí n tó mú bírò. Mo ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi láìdi nǹkan kan mú. Ẹni tó bá rò pé mo ti ń ṣarán, kó wá bi mí ní iye páànù tó wà lórí ilé bàbá rẹ̀, màá sọ fún un.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú. Lọ́yà Olúyẹmí Adégòkè ní kí n jẹ́ kí òun fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, pé yóò dùn ún wò ní kóòtù. Mo ní rárá. Yorùbá ni mo fi kó ogún náà jọ, àwọn tí yóò jẹ ẹ́ sì gbọ́ Yorùbá. Kí ó bá mi tò ó ní nọ́ńbà nìkan ni mo gbà.

Ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo ti pa á rẹ́. Àwọn tí mo fi ṣe alámòójútó ogún mi ni ọmọ mi obìnrin, Waliyat, àti Lọ́yà Olúyẹmí. N kò yan Misbaudeen, àkọ́bí mi ọkùnrin. Ọmọ gidi ni, ó sì ń tọ́jú mi, àmọ́ kò sí ilẹ̀ tó rí tí kì í fojú inú kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí.

1. ILÉ ÀTI ṢỌ́Ọ̀BÙ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ní Bẹyẹrúnkà àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin mi ní Ọjà'ba, èmi kọ́ ni n ó pín wọn. Aáfà wa ti là á yé mi pé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní mi ni mo lè sọ ibi tí yóò lọ. Ìyókù, Ọlọ́run ti pín in fún aya àti ọmọ nínú Kùránì, kí n má ti ẹnu bọ̀ ọ́. Mo gbà. Kí Aáfà pín in fún ìyàwó mi Qúdrát, fún Misbaudeen àti fún Waliyat bó ṣe tọ́ sí kálukú. Kí ẹnikẹ́ni má wá gbé Qúdrát kúrò ní yàrá òkè tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí Mápó. Ogójì ọdún ni obìnrin náà fi gbọ́ ariwo òòlù mi, kí ó jẹ́ kí etí rẹ̀ sinmi níbẹ̀.

Kí ẹ mọ ibi tí ilé náà ti wá. Orí ni mo fi ń ru páànù gun òkè Mápó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, mo di ẹni tó ń kan òrùlé, mo di ẹni tó ń ta páànù tí àwọn ẹlòmíràn ń kàn. Ẹ dúró níwájú gbọ̀ngàn Mápó, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Nínú òrùlé mẹ́ta tí ojú yín bá bà lé, ọ̀kan, bí kì í bá ṣe èmi ni mo kàn án, èmi ni mo ta páànù rẹ̀. Kò tíì sí èyí tí atẹ́gùn ṣí nínú wọn. Kò sí bàbá ìsàlẹ̀, kò sí olóṣèlú kankan níbẹ̀.

2. IRINṢẸ́. Òòlù mi gbogbo, ayùn mi, àkàbà mẹ́ta àti àpótí irin tó ń kó ìṣó, kí ẹ kó wọn fún ẹgbẹ́ káfíńtà Bẹẹrẹ. Kí wọ́n má ta èyí tó ní èèkù dúdú. Òun ni òòlù àkọ́kọ́ mi. Mo sábà máa ń sọ pé kò sí ẹni tó sọ mí di ènìyàn, n kò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Kúlúsúmù, ló ra òòlù yẹn fún mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́, wọ́n ta yẹtí ìyá wọn fi rà á. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa yàtọ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi jù mí lọ.

3. ẸRAN. Àgbò funfun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn Iléyá yìí, ti Aáfà ni. Tòlótòló méjì tó wà nínú ọgbà, mo fi fún Tóbilọ́ba tó ń tọ́jú ọgbà mi, nítorí òun nìkan ni wọn kì í lé. Wọ́n ti lé Misbaudeen dé ẹnu géètì lẹ́ẹ̀mejì.

4. ỌGBÀ. Ilẹ̀ ẹ̀yìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi, níbi tí ilé alámọ̀ ìyá mi wó sí, ni mo sọ di ọgbà. Ní Bẹyẹrúnkà tí ògiri ilé kan ti ń fi èjìká kan ògiri èkejì, èmi nìkan ni mo ní ibi tí ènìyàn lè gbé jókòó lábẹ́ òdòdó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, Àlùhájì, ṣé òdòdó lẹ fẹ́ máa fi jẹ ẹ̀kọ ni. Lónìí, ibẹ̀ ni gbogbo ìyàwó àdúgbò ti ń ya fọ́tò.

Mo yọ ọgbà náà kúrò nínú ogún. Ó wà nínú ìdá kan tí Aáfà ní mo láṣẹ lé lórí, mo sì fi ṣe sàráà tí kò lópin fún ará àdúgbò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ́lé sí i. Misbaudeen, mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ lo ti kà níbẹ̀. Tún un kà, wàá rí i pé òdòdó ni.

Ọdún 2015 ni mo wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ mi mọ bí mo ṣe yàn án, nítorí wọn yóò yan òmíràn lọ́jọ́ kan. Ènìyàn mẹ́ta ló wá. Ẹni àkọ́kọ́ wọ táì, ó mú sátífíkéètì dání, ó ń ya àwòrán ọgbà sínú ìwé láìwo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni kejì kí mi láti ẹnu géètì dé ìdí àga mi, ó ní òun kò rí irú ilé báyìí rí. Mo gbádùn ìkíni náà, mo jẹ́ kó kí mi tán, mo ní kó máa lọ. Ẹni kẹta ni Tóbilọ́ba, ọmọ Yemẹ́tù, ó ti tó ẹni ọdún márùndínlógójì nígbà náà. Ó kí mi níwọ̀nba, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó fún un mọ́wọ́. Ó ní, Bàbá, ògiri alámọ̀ kan wó síbí, àbí. Mo ní báwo lo ṣe mọ̀. Ó ní iyẹ̀pẹ̀ náà ṣì dì mọ́ra bí ẹni pé ó fẹ́ padà di ilé. Mo gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò ṣe ọgbà, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí Tóbilọ́ba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo lọ sí Mẹ́kà, ìgbà kejì mi nìyẹn. Kí n tó lọ, mo dúró ní bálíkónì, mo ń pàṣẹ fún un. Mo ní kó jẹ́ kí gbogbo nǹkan tọ́ bí ìlà páànù. Mo ní n kò fẹ́ rí ohun tó bá wọ́ nínú ọgbà mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi nìyẹn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ fún ara mi pé Tóbilọ́ba ló ṣèèṣì.

5. ILẸ̀ TÍ KÌ Í ṢE TÈMI. Ohun tí kì í ṣe tèmi kò lè wọ inú ogún mi. Ẹ ka ìpín yìí dáadáa, òun ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí rárá.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn àgbà agboolé pín ẹ̀yìnkùlé ní ìdí igi, bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa: apá kan fún ọmọ ìyá tèmi, apá kan fún ọmọ ìyá Kúlúsúmù. Wọ́n gbin pèrègún sáàárín. Ìlà náà tọ́ láti òkè, àmọ́ nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó yà wọ ọ̀dọ̀ mi, ó yí igi àgbálùmọ̀ kan ká, ó tó padà. Ìyá ẹ̀gbọ́n mi ló gbin igi náà. Àwọn àgbà ní ìlà ló máa yẹ̀ fún igi.

Tóbilọ́ba bá pèrègún yìí, ó ti hu jágbajàgba, ó sì wọ́. Ọmọ Yorùbá ni, ó mọ̀ pé pèrègún a máa ṣe ààlà. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé pé ta ló ni òdì kejì. Wọ́n ní agboolé Ọláwúwo kan náà ni. Ó wá rò pé kò lè sí ààlà láàárín ọmọ bàbá kan. Ó na okùn láti igun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé ìdí kànga, ó gé pèrègún, ó tún un gbìn lójú okùn, ó gún régé. Igi àgbálùmọ̀ bọ́ sí ìhà tèmi, pẹ̀lú ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá.

Mo ti Mẹ́kà dé. Omi Sámúsámù ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì, n kò tíì tú ẹrù. Mo jáde sí bálíkónì, mo rí i. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kan òrùlé kò lè rí ìlà tó yí padà kó má mọ̀. Ọgbà náà lẹ́wà. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi. Wọ́n ní, Àlàó, káàbọ̀, Ọlọ́run á gba Hájì rẹ. Pèrègún yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ò ń lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dàgbà, ojú yín ni. Wọ́n ní, ojú yìí náà ló ń wò ọ́ nígbà tí o ò tíì lè rìn.

Ọdún méjì ni wọ́n fi bẹ̀ mí níkọ̀kọ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Mọ́gàjí agboolé wa. Nígbà tí Mọ́gàjí àti àwọn àgbà fi dé, pèrègún ti ga ju ènìyàn lọ. Àwọn tó gbin ti àkọ́kọ́ ti kú tán. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, lọ́yà kankan kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀yin àgbà, ta ni ẹlẹ́rìí ààlà nílẹ̀ yìí bí kò ṣe pèrègún? Ẹ bi í. Tóbilọ́ba dúró lápá kan pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó lanu láti sọ̀rọ̀. Mo ní ẹni tí a gbà síṣẹ́ òdòdó kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ọmọ onílé bá ti ń ṣèpàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá mi láre.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n tún ìborí wọn so, wọ́n ní, Àlùhájì, ó dàárọ̀. Láti kékeré, Àlàó ni wọ́n ń pè mí. Láti ọjọ́ náà, Àlùhájì ni, bí oníbàárà ṣe ń pe oníṣọ́ọ̀bù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tóbilọ́ba dá kọ́kọ́rọ́ ọgbà padà fún mi. Ó ní, Bàbá, gbogbo òdòdó yín ni mo lè bomi rin, àmọ́ n kò lè máa bomi rin pèrègún yẹn. Mo ní kó máa lọ, mo ní ẹni mẹ́wàá wà níta tó ń wá iṣẹ́ rẹ̀. Mo gba mẹ́ta nínú wọn láàárín ọdún kan. Ọ̀kan ń bomi rin òdòdó nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín, ó sun gbogbo rẹ̀ jóná. Ọ̀kan gbin àgbàdo sáàárín òdòdó róòsì, ó sì jẹ ẹ́. Ẹnì kẹta ń já òdòdó mi lọ tà ní Bẹẹrẹ, ìyàwó mi ló lọ bá a níbẹ̀, òun gan-an ló fẹ́ rà á.

Èmi, Àlùhájì Onípáànù, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ní Yemẹ́tù lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí mo lé. Tóbilọ́ba kò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ó ní òun yóò padà, àmọ́ tí àgbálùmọ̀ bá ti pọ́n, òun yóò máa ká a lọ fún Ìyá, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi, kí n má sì bi òun. Mo gbà. Ọdún méje rèé. Ní ọdọọdún, mo máa ń jókòó ní bálíkónì, mo máa ń wo agbọ̀n àgbálùmọ̀ náà bó ṣe ń kọjá pèrègún lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í kí mi.

Ohun tó wá lé mi dé ìdí ìwé yìí ni pé ní Iléyá tó kọjá yìí, Misbaudeen wá fi ìdùnnú sọ fún mi pé òun ti mú sọ̀fíyọ̀ wá wọn ilẹ̀. Wọ́n ti ri òpó sìmẹ́ńtì mẹ́rin mọ́lẹ̀. Mo rí ọ̀kan ní ìdí àgbálùmọ̀. Misbaudeen kò ṣẹ̀, ohun tí mo fi hàn án ni ó wọ̀n. Àmọ́ bí mo bá kú, irọ́ mi á di ìwé ìjọba, àwọn ọmọ mi á sì fi ọwọ́ tó mọ́ jogún ohun tí mo fi ọwọ́ àìmọ́ mú.

Nítorí náà mo pàṣẹ pé, kí ẹ tó pín ohunkóhun, kí Tóbilọ́ba hú pèrègún náà, kó tún un gbìn sójú ìlà àtijọ́. Kò hú gbòǹgbò ti àkọ́kọ́ tán, tí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ óò rí i. Kí ẹ hú òpó sọ̀fíyọ̀ dànù. Ẹ má pè é ní ẹ̀bùn tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi. Ohun ìní wọn ni.

6. IPÒ TÓBILỌ́BA. Iṣẹ́ ọgbà náà, tirẹ̀ ni títí agbára rẹ̀ fi máa tán. Kí ẹ máa fi owó rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù kìíní ní Ọjà'ba san owó oṣù rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ra ìgbẹ́ adìẹ fún ilẹ̀. Ó wà nínú ìdá tèmi, mo ti bi Aáfà. Kí ẹ máa pè é ní orúkọ rẹ̀. Tó bá sọ pé igi kan kò gbọdọ̀ kúrò, kò gbọdọ̀ kúrò. Tí ìpàdé agboolé bá sì kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, kí ó jókòó sórí àga, kí ó sọ̀rọ̀ tán kí ọmọ onílé tó lanu.

7. ÌSÌNKÚ. Kí ẹ sin mí lọ́jọ́ tí mo bá kú, ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, kì í ṣe nínú ọgbà. Ẹ má pa màlúù. Àwọn tó bá fẹ́ mọ̀ pé mo wáyé, kí wọ́n gbójú sókè wo òrùlé.

Mo fọwọ́ sí i ní Bẹyẹrúnkà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Gàníyù Àlàó Ọláwúwo

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ sí i, tí àwọn náà fọwọ́ sí i:
Edith Adéyẹ́misí, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Kúdẹtì.
Sìdí Ajíbọ́lá, télọ̀, Ọjà'ba.

ÀFIKÚN, ỌJỌ́ KẸTÀLÉLÓGÚN OṢÙ KAN NÁÀ

Lẹ́yìn tí mo fọwọ́ sí èyí tó wà lókè, Lọ́yà kà á láti orí dé ìdí. Ó dé ìpín karùn-ún, ó gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín tó ẹni ọdún mélòó. Mo ní mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ó ní ìwé ìhágún, lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n ń ṣí i. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Èmi tí mò ń fọ́nnu pé mò ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú, tí mo bá pẹ́ láyé bí mo ṣe ń fọ́nnu, ẹ̀gbọ́n mi kò ní fojú rí ohun tí mo kọ. Wọn ó ti lọ, pèrègún á ṣì wà níbi tó wà.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, ní ojúmọmọ, lójú gbogbo ará ilé, èmi àti Tóbilọ́ba wọ ọgbà. Mo ti ránṣẹ́ sí Mọ́gàjí, wọ́n wá, mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ sí ìpín karùn-ún fún wọn pẹ̀lú ẹnu tí mo fi gba àre lọ́jọ́ náà. Mọ́gàjí ní, Àlùhájì, tí ẹ bá tún ń ti Mẹ́kà bọ̀, ẹ bá wa mú òtítọ́ dání pẹ̀lú omi Sámúsámù. Mo gbà á, ó yẹ mí. Misbaudeen fúnra rẹ̀ ló hú òpó ìdí àgbálùmọ̀. Ojú rẹ̀ le, àmọ́ ó hú u.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí ìjókòó wọn síta, wọ́n jókòó, wọ́n ń pàṣẹ. Tóbilọ́ba ń fi gbòǹgbò àtijọ́ wá ọ̀nà. Nígbà tó yí igi náà ká, wọ́n ní kò tíì tó, kó sún wọ ọ̀dọ̀ mi díẹ̀ sí i. Gbòǹgbò wà nílẹ̀, mo rí i, ó ti tó. Tóbilọ́ba wo ojú mi. Mo ní kó sún un.

Nítorí náà, mo pa àṣẹ inú ìpín karùn-ún rẹ́, a ti ṣe é. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí àwọn ọmọ ọmọ mi kà á. Gbogbo ìpín yòókù dúró.

Ohun kan ló kù. Lọ́yà sọ fún mi pé ẹni tí ìwé ìhágún bá fún ní nǹkan kò lè ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Mo ní kó wò ó bóyá mo fún ẹ̀gbọ́n mi ní nǹkan kan. Ó ka ìwé náà lọ, ó kà á bọ̀. Ó ní rárá, Bàbá, ẹ ò fún wọn ní nǹkan kan.

Gàníyù Àlàó Ọláwúwo

Àwọn ẹlẹ́rìí sí àfikún yìí:
Edith Adéyẹ́misí, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Kúdẹtì.
Kúlúsúmù Àbẹ̀kẹ́ Ọláwúwo, onígi àgbálùmọ̀, ìsàlẹ̀ pèrègún, Bẹyẹrúnkà. Àtẹ̀ka ọwọ́ ọ̀tún.